Ayé Ta Lò Ń Gbé?

 

Bí àwọn ọmọ wa bá ti Èkó tàbí òkè òkun wálé sí Ìgbájọ, ẹ máa ń rí i. Lọ́sàn-án, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Lóru, wọ́n á rọra kan ilẹ̀kùn babaláwo. Fábùnmi ti di Olúbùnmi, Ògúnbíyìí ti di Jésùbíyìí. Ẹni tó gba ẹ̀sìn mìíràn tọkàntọkàn, a ò bá a jà. Ẹni tí à ń bá wí ni ẹni tó yí orúkọ padà kí ọ̀gá níbi iṣẹ́ má baà fojú abọgibọ̀pẹ̀ wò ó.

Jean-Paul Sartre, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Faransé (1905 sí 1980), ní irọ́ téèyàn ń pa fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ó ní ẹni tó kọ̀ tí kò yàn, ó ti yàn náà. Ní 1964, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel, ó lóun ò gbà.

Sartre ní kò sí àyànmọ́ kankan. Ifá ò bá a pé níbẹ̀. Àwa ní àkúnlẹ̀yàn. Ṣùgbọ́n ta ló kúnlẹ̀? Ta ló yàn? Ìwọ fúnra ẹ ni! Ẹ rántí Oríṣẹ́ẹ̀kú, Orílémèrè àti Afùwàpẹ́, tí wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kánjú, wọ́n gbé orí tó dára lójú, òjò sì bà á jẹ́. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀, ó rúbọ. Ó bá Àjàlá yanjú gbèsè, Àjàlá sì bá a yan orí tó dáa. Ẹni tó ń yan ayé tó dára lójú àdúgbò, orí tí òjò máa bà jẹ́ ló gbé.

A mọ̀ pé kò rọrùn. Àfẹ́sọ́nà lè kọ èèyàn, onílé lè léni jáde. Síbẹ̀, UNESCO ti kéde Ifá ní 2005 pé ogún gbogbo aráyé ni, ìjọba Ọ̀ṣun sì ń fúnni ní ìsinmi fún ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù kẹjọ. Ṣé ó wá yẹ ká ṣì máa sá pamọ́?

Ṣùgbọ́n ìdè Ifá lọ́wọ́ nìkan ò tó. Ẹni tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ ya fọ́tò sí Facebook, tí ìwà ẹ̀ ò dáa, irọ́ kan náà ló ń pa.

Lálẹ́ òní, pe ọmọ ẹ, sọ ìtumọ̀ orúkọ ìdílé yín fún un. Bó fẹ́ ẹ, bó kọ̀ ọ́, kó mọ̀ pé òun ló yàn.