Ṣé o mọ̀? Láti igun dé igun la ti ń wọn ojú tẹlifíṣọ̀n

Nọ́ńbà 32 tàbí 43 tó wà lára páálí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kì í ṣe fífẹ̀ rẹ̀. Láti igun òkè lápá kan dé igun ìsàlẹ̀ lápá kejì ni wọ́n ti wọn ojú rẹ̀, ní ínṣì. Ìdí nìyẹn tí ojú 43 fi fẹ̀ tó nǹkan bí ínṣì 37 àbọ̀ péré. Fi téèpù wọn àyè tó wà ní pálọ̀ rẹ kí o tó lọ sọ́jà. Wo ẹsẹ̀ tẹlifíṣọ̀n náà pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ ló ní ẹsẹ̀ méjì tó jìnnà síra, tábìlì kékeré kò ní gbà á.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ínṣì 11 ni 43 fi ju 32 lọ, síbẹ̀ ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì.

4K ńkọ́? Àmì tíntìntín 3,840 ní ìbú, 2,160 ní òró. Lórí 32 tí o ń wò láti orí àga, agbára káká ni ojú fi máa rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Níbi tí iná bá ti ń lọ sókè sódò, stabilizer ni kí o fi owó tí o fẹ́ fi kún un nítorí 4K rà.