Bí Ike Ṣe Ń Gba Ipò Irin Lára Ìbọn Ìléwọ́

Ìfáárà

Lẹ́nu ọmọdé, ìbọn oníke ni ohun ìṣeré tí òbí ń rà lásìkò ọdún. Ìbọn gidi ní tirẹ̀, irin ni a mọ̀ ọ́n sí. Irin ni alágbẹ̀dẹ fi ń rọ ọ́, òun ni ó sì sọ ọ́ di ohun èlò Ògún. Lóde òní, ìyàtọ̀ yìí kò hàn sójú mọ́. Ike líle, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pọ́límà, ni a fi ń ṣe apá kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn ìléwọ́ tí àwọn ọlọ́pàá àti ọmọ ogun ń lò. Ó yẹ kí olùkọ́ mọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, kí ó sì mọ apá tí irin kò tíì fi sílẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ Ìyípadà

Ilé-iṣẹ́ Heckler & Koch ní Jámánì ni ó kọ́kọ́ gbé irú ìbọn yìí jáde ní ọdún 1970. VP70 ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n kò gbilẹ̀. Gaston Glock, ará Austria, ni ó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Ọ̀bẹ àwọn ọmọ ogun àti ọ̀pá kọ́tìnì ni ó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kò ṣe ìbọn rí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ nípa ike. Ní 1982, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Austria tẹ́wọ́ gba Glock 17 tí ó ṣe.

Àwọn Ìdí Rẹ̀

Ìdí kìn-ín-ní ni ìrọ̀rùn iṣẹ́. Bí a bá fẹ́ fi irin ṣe ara ìsàlẹ̀ ìbọn, níbi tí èèkù wà, ẹ̀rọ ni yóò máa gbẹ́ odidi irin díẹ̀díẹ̀. Àkókò àti irin púpọ̀ ni yóò bá a lọ. Ní ti ike, yíyọ́ ni a ń yọ́ ọ, tí a ó sì fún un sínú ohun tí a ti gbẹ́ bí àwòṣe rẹ̀. Bí ó bá ti tutù, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Owó tí ó ń náni kò tó ti irin.

Ìdí kejì ni ìwúwo. Láìsí ọta nínú rẹ̀, ìbọn M1911 tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò fún ọ̀pọ̀ ọdún lé ní 1,000 gíráàmù. Glock 17 kò tó 750. Ẹni tí ó ń so ìbọn mọ́dìí láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni yóò mọ iyì èyí.

Ìdí kẹta ni pé òógùn, òjò àti atẹ́gùn òkun kò lè mú kí ike dípẹtà.

Ìkẹrin, èèkù oníke ṣeé pààrọ̀ fún ọwọ́ ńlá tàbí kékeré. M17 tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà yàn ní 2017 láti rọ́pò M9, tí ara tirẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí Irin Kò ti Kúrò

Irin ṣì ni ọ̀pá tí ọta ń gbà jáde, irin sì ni apá òkè tí ń sún síwá sẹ́yìn bí ìbọn bá ti ń dún, nítorí agbára àti ooru tí ń tú jáde níbẹ̀ kọjá ohun tí ike lè gbà mọ́ra. Nítorí náà, ìbẹ̀rù àwọn ará Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980, pé ìbọn oníke yóò gba inú ẹ̀rọ àyẹ̀wò pápákọ̀ òfurufú kọjá láìfarahàn, kò bá Glock mu. Irin ni ó kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwúwo rẹ̀. Síbẹ̀, ní 1988, wọ́n ṣe òfin tí ó ka ìbọn tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè rí léèwọ̀.

Ike náà ní àléébù tirẹ̀. Ìwúwo irin máa ń mú kí ìbọn dúró jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ó bá dún. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi ìbọn yíyìn díje fi ṣì ń yan èyí tí ó jẹ́ kìkì irin.

Ìkádìí

Ike gba èèkù, irin di ojú ọ̀nà ọta mú. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ fi yé ọmọ ilé-ìwé nìyí: fífúyẹ́ ìbọn àti dídán ike ara rẹ̀ kò sọ ọ́ di ohun ìṣeré. Ọmọ tí ó bá rí ìbọn oníke nílẹ̀ kò gbọdọ̀ mú un láti fi dán nǹkan wò. Àgbàlagbà ni kí ó sáré pè.