Nígbà Tí Ìbínú Bá Pàdé Ìbọn

Ohun tí ó yẹ kí ìyàwó ilé àti abiyamọ mọ̀ nípa agbára ọlọ́pàá àti ààlà rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Láyé àtijọ́, ọfà ni wọ́n ń bẹ̀rù. Lóde òní, ìbọn ni ó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá tí ó dúró sójú títì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a fi ìbínú sọ sì lè sọ aya di opó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀ràn yìí kan gbogbo ẹ̀yin abiyamọ tí ẹ ń ka ìwé yìí. Ọkọ yín ń wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, ọmọkùnrin yín ń dàgbà, ẹ̀yin fúnra yín sì ń ná ọjà. Ẹlòmíràn wà nínú yín tí ó jẹ́ pé ọlọ́pàá gan-an ni olówó orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò láìṣe ojúsàájú.

Kì í ṣe ọ̀ràn àná

Ní ọdún 1947, àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta kóra jọ lẹ́yìn Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, wọ́n lọ sí ààfin Aké láti kọ owó orí tí a ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú sí wọn. Ṣùgbọ́n ìyá náà ti kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe fi aṣọ bo ojú, imú àti ẹnu, wọ́n sì tún padà wá. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké ìgbà náà, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá, fi orí oyè sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ní ọdún 1992 ni a dá ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a ń pè ní SARS sílẹ̀ láti gbógun ti àwọn adigunjalè. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí kígbe pé àwọn tí a ní kí ó máa ṣọ́ wọn ni ó ń lù wọ́n, tí ó ń gba owó lọ́wọ́ wọn, tí ó sì ń pa wọ́n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n tú síta káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 10 oṣù náà, ìbọn pa ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbi ìwọ́de. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde pé a ti tú SARS ká. Kí oṣù náà tó parí, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá sọ pé a ti pa ọlọ́pàá 22. Àwọn náà ní ìyá tí ó bí wọn.

Èyí tí ó dun obìnrin jù ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2022. Agbẹjọ́rò kan tí ó lóyún wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀ ní Ajah, l'Ékòó, nígbà tí ọlọ́pàá kan yìnbọn sí ọkọ̀ náà. Obìnrin náà kú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó dá ọlọ́pàá náà lẹ́bi, ó sì dájọ́ ikú fún un. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń ka ìmọ̀ràn tí ń bẹ níwájú: sùúrù dára púpọ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ sọ pé òkú ni ó jẹ̀bi ikú ara rẹ̀.

Bí iná náà ṣe ń ràn

Ọlọ́pàá tí ó ti dúró nínú oòrùn láti òwúrọ̀ ti rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á, nítorí kò mọ ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ tí ń bọ̀. Onímọ́tò ní tirẹ̀ ti gbà á sọ́kàn pé owó ni wọn yóò bèèrè. Ọ̀kan sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá, èkejì dáhùn bí ẹni tí a rí fín. Èrò pé jọ, wọ́n ń pariwo. Láti ìgbà yìí, kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí ojú ti òun lójú ayé. Ìdí nìyí tí ìjà tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé ọkọ̀ fi ń parí sí ilé ìwòsàn.

Ohun tí òfin wí

Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè. Ó gba agbára láàyè láti gba ẹ̀mí là, láti mú arúfin tàbí láti paná rògbòdìyàn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ó bá pọndandan nìkan ni. Ìlànà tí Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní Havana ní ọdún 1990 tún là á yéni pé kí ọlọ́pàá kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀nà tí kò ní ipá nínú, kí ó kìlọ̀ kí ó tó yìnbọn, kí a tètè tọ́jú ẹni tí ó bá farapa, kí a sì jẹ́ kí ẹbí rẹ̀ gbọ́. Èébú kì í ṣe ohun ìjà. A kì í fi ìbọn dá èébú lóhùn.

Ẹ̀yin aya, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bí ọlọ́pàá bá ń wá ọkọ tàbí ọmọ yín tí wọn kò bá a nílé, wọn kò gbọdọ̀ mú yín dípò rẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kà á léèwọ̀. Ẹni tí a bá mú ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi rí agbẹjọ́rò rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tí ó gbọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan ni a fi gbọ́dọ̀ gbé e lọ síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 sì sọ pé a kò gbọdọ̀ tìtorí pé ẹnì kan jẹ́ obìnrin kọ̀ ọ́ ní onídùúró.

Bí ìbọn bá sì ba ènìyàn, òfin ọdún 2017 pàṣẹ pé kí ilé ìwòsàn gbà á, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, yálà ó mú ìwé ọlọ́pàá wá tàbí kò mú un wá, láìbèèrè owó ìdógò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé dá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣòfò.

Ẹ̀kọ́ inú ilé

Ẹ kọ́ ọmọkùnrin yín pé bí a bá dá òun dúró, kí ó rọra dúró, kí ó tan iná inú ọkọ̀ bí ó bá jẹ́ òru, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì síbi tí ó hàn. Kí ó má sáré, kí ó má ki ọwọ́ bọ àpò lójijì. Kí ó kí wọn, kí ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bèèrè ohun tí òun ṣe. Orúkọ àti nọ́ńbà tí ó wà láyà ọlọ́pàá ni kí ó fi sórí. Ẹjọ́ ọ̀la ni yóò wúlò fún. Bí ẹ̀yin bá wà nínú ọkọ̀ tí inú ń bí baálé yín, ẹ má ṣe da epo síná. Ohùn ìyàwó a máa rọ ọkàn ọkùnrin.

Ẹ̀yin aya ọlọ́pàá, iṣẹ́ tiyín náà pọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ mọ ìgbà tí olówó orí yín kò sùn, ìgbà tí owó oṣù pẹ́, ìgbà tí ọtí bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí ó tó gbé ìbọn jáde. Ẹ rán an létí pé ọmọ ẹlòmíràn ni ó ń bọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, àti pé òfin tí ó fún un ní ìbọn ni yóò bi í léèrè ọta tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀.

A kò lè tẹ̀lé ọmọ dé gbogbo oríta. Ṣùgbọ́n a lè fún un ní sùúrù mú dání, kí a sì mọ òfin tí a ó fi jà fún un bí sùúrù kò bá gbà á. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.