Kọ́kọ́rọ́ Yí, Ọkọ̀ Ò Sítáàtì

Ẹ̀gẹ́ ò ní sùúrù. Tí ẹ bá wú u lónìí, tó bá fi máa di ọ̀túnla, inú rẹ̀ á ti máa dúdú, àwọn tó ń ṣe gàrí ò sì ní fẹ́ san owó gidi lé e mọ́. Ẹ wá wo bó ṣe rí nílé wa ní ìsinmi tó kọjá, nígbà tí píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tí bàbá mi fi ń kó ẹ̀gẹ́ kọ̀ tí kò sítáàtì lójú ọ̀nà oko, tòun tẹrù lẹ́yìn.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mẹkáníìkì kan ti kọ́kọ́ ní bátìrì ni, bàbá mi ra bátìrì. Ọkọ̀ ṣiṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ó tún kọ̀. Ẹlòmíì ní kíkì sítátà ló ti kú, wọ́n ra tòkúnbọ̀. Ó tún kọ̀. Ọjọ́ tó wá dákú sọ́nà oko yìí ni wọ́n tó ránṣẹ́ pe Baba Rìwáyà. Wọ́n fi ọ̀kadà dé, wọ́n yọ gílóòbù kékeré kan tí wọ́n so wáyà méjì mọ́ nínú àpò, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ìgíníṣọ̀n ló jó. Owó bátìrì àti owó sítátà ti lọ. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú fún wọn, mo sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè títí wọ́n fi ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?" Ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín, torí mo mọ̀ pé ọkọ̀ àtijọ́ wà nílé ọ̀pọ̀ nínú wa, àwọn kan sì máa ń wà níbi tí àwọn olùkọ́ wa ń gbé ọkọ̀ sí (ẹ má bínú, sà).

Ibi tí à ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ kọ́ ni gbogbo ìgíníṣọ̀n. Nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́, bíi Toyota Hilux ayé 1980 sí 1990, nǹkan méjì ló wà níbẹ̀. Àgádágodo ló wà níwájú. Irin ni, òun ló mọ kọ́kọ́rọ́ yín yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì, òun náà ló ń ti sítíárìn pa. Súwíìṣì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Rọ́bà ni ara rẹ̀, àmọ́ àwọn bàbà pẹlẹbẹ wà nínú rẹ̀ tó ń fara kanra kí iná lè kọjá. Kọ́kọ́rọ́ ń yí àgádágodo, àgádágodo ń yí súwíìṣì. Wáyà nípọn kan ń gbé iná bátìrì wá síbẹ̀ nígbà gbogbo, kódà tí ọkọ̀ bá wà ní pípa. Tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ dé ACC, iná á lọ sí rédíò. Ní ON, á lọ sí ẹ́ńjìnnì, dáṣíbọ́ọ̀dù àti wáípà. Ní START, á lọ jí kíkì sítátà, tí ẹ bá sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, sípírìn á dá a padà sí ON.

Gbogbo ìgbà tí bàbà kan bá ṣí kúrò lára èkejì, iná kékeré máa ń ṣẹ́ níbẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ojú bàbà á jó, á di kẹ́ḿbẹ́kẹ́ḿbẹ́, gírísì inú rẹ̀ á gan. Ohun tó ń tètè pa á ni kí wọ́n máa so iná àfikún tàbí ẹ̀rọ orin ńlá mọ́ wáyà ìgíníṣọ̀n tààrà láìlo rìléè, torí ẹrù yẹn ju agbára rẹ̀ lọ. Tiwa, iná mẹ́rin tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n dè sórí ọkọ̀ kó lè fọ́jú àwọn onímọ́tò ni. Ó sẹ́ títí, kó tó jẹ́wọ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe bátìrì? Ẹ tan iná iwájú ọkọ̀, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́ dé START. Tí iná bá rẹ̀wẹ̀sì gan-an, bátìrì tàbí orí bátìrì tó dọ̀tí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tí iná bá mọ́lẹ̀ gbòò, tí ọkọ̀ ò sì pariwo kankan, ẹ máa fura sí ọ̀nà tí iná ń gbà dé sítátà. Àmì míì tún wà: kí dáṣíbọ́ọ̀dù máa kú kó sì máa jí tí ẹ bá mi kọ́kọ́rọ́, tàbí kí ẹ́ńjìnnì sítáàtì, àmọ́ bí ẹ ṣe fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ báyìí, ó ti kú. Tó bá jẹ́ START nìkan ló bàjẹ́, ẹ lè ti ọkọ̀ onígíà ọwọ́ kó dìde. Wọ́n ti tiwa títí, ìpàkọ́ gbogbo wa gbóná, kò dáhùn, torí ON gan-an ò dúró.

Ibi tí gílóòbù Baba Rìwáyà ti wúlò rèé. Wọ́n fi ọkọ̀ sí fíríì, wọ́n fa hánbíréèkì. Wọ́n so wáyà kan lára gílóòbù mọ́ irin ara ọkọ̀, wọ́n fi èkejì kan wáyà kékeré tó lọ sí sítátà, wọ́n ní kí bàbá mi yí kọ́kọ́rọ́. Ká ní gílóòbù tàn ni, súwíìṣì ò jẹ̀bi, sítátà ni. Kò tàn. Wọ́n wá lọ sábẹ́ sítíárìn. Lára wáyà nípọn tó ń wọlé, gílóòbù tàn (tí kò bá tàn níbẹ̀, fíùsì ni kí ẹ lọ wò). Lára wáyà START tó ń jáde, òkùnkùn. Wọ́n ní, "Iná wọlé, iná ò jáde. Ta lẹ fẹ́ mú?" Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọkọ̀ ọ̀tọ̀máátíìkì, ẹ kọ́kọ́ fi gíà sí N kí ẹ tún gbìyànjú, torí súwíìṣì míì wà lára gíà tó lè dí iná lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ yìí ju àìsítáàtì lọ o. Súwíìṣì tí kò di ara rẹ̀ mú lè pa ẹ́ńjìnnì lórí eré. Ní oṣù kejì ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí pe ọkọ̀ kéékèèké wọn padà nítorí súwíìṣì ìgíníṣọ̀n, ọkọ̀ náà sì tó mílíọ̀nù 2.6. Ohun tó ń dá kọ́kọ́rọ́ dúró ní ON ò lágbára tó, ìdì kọ́kọ́rọ́ tó wúwo tàbí gbọ̀ngbọ̀n ojú títì lè yí i kúrò. Ẹ́ńjìnnì á kú, airbag tó yẹ kó tú jáde láti gba èèyàn là ò sì ní ṣiṣẹ́. Ikú 124 ni àwọn tó san owó gbà-má-bínú gbà pé ó ti ibẹ̀ wá. Ẹ̀yin tí ẹ kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ti géètì àti ti yàrá mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ẹ tú u. Tí ẹ́ńjìnnì bá sì kú lórí eré, ẹ má yọ kọ́kọ́rọ́, torí sítíárìn lè tì pa. Ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ má máa pọ́ńpù ú, kí ẹ rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Pípààrọ̀ rẹ̀ gan-an ò le. Orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò ni Baba Rìwáyà kọ́kọ́ tú, torí iná wà nínú wáyà nípọn yẹn nígbà gbogbo. Ìdí tí wọn ò fi bẹ̀rẹ̀ láti orí kejì ni pé tí sípánà bá ṣèèṣì kan ara ọkọ̀ níbẹ̀, iná á ṣẹ́ yàà. Wọ́n tú súkúrù abẹ́ sítíárìn, wọ́n yọ ìbòrí rọ́bà rẹ̀, wọ́n tẹ ìkọ́ tó di orí wáyà mú, wọ́n fà á jáde. Orí náà ni wọ́n fà o, wọn ò fa wáyà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti yọ́, torí orí tó ti yọ́ á tún jó súwíìṣì tuntun. Wọ́n tú súkúrù tó wà lẹ́yìn àgádágodo, súwíìṣì sì bọ́ sọ́wọ́ wọn. (Ọkọ̀ tó bá ní airbag, iṣẹ́ àgbà ni, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan lábẹ́ sítíárìn rẹ̀.)

Ọjọ́ kejì ni bàbá mi mú ògbólógbòó yẹn lọ sí Gate n'Ìbàdàn. Ẹni tó ń tajà fẹ́ ta odindi rẹ̀ fún wọn, àgádágodo pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tuntun. Wọ́n kọ̀, torí àgádágodo wa ò ṣe nǹkan kan, tí wọ́n bá sì pààrọ̀ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn á yàtọ̀ sí ti ìgíníṣọ̀n. Súwíìṣì nìkan ni wọ́n rà, wọ́n ka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ògbólógbòó kí wọ́n tó sanwó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í sí i, ó kọ́kọ́ kọ̀ láti wọlé. Ahọ́n àgádágodo gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ihò súwíìṣì, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ wà ní ipò kan náà. Baba Rìwáyà yí súwíìṣì díẹ̀, ó wọlé. Wọ́n so bátìrì padà, wọ́n dán ACC, ON àti START wò kí wọ́n tó da ìbòrí bò ó.

Lójú ọ̀nà oko yẹn, kí wọ́n tó lọ sí Gate, ẹnì kan ti ní kí wọ́n kàn so wáyà pọ̀ dáírẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi bọ́tìnì sí i, kí ẹ̀gẹ́ lè dé ọjà. Èmi náà rò pé ó dáa nígbà náà. Baba Rìwáyà bèèrè lọ́wọ́ bàbá mi bóyá wọ́n máa lè sùn lálẹ́, tí ẹnikẹ́ni bá lè sítáàtì ọkọ̀ láìní kọ́kọ́rọ́, tí wáyà tí wọ́n fi tééèpù dì sì ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà. Bàbá mi dákẹ́. Ìdajì ẹ̀gẹ́ yẹn bàjẹ́.

Súwíìṣì tó jó náà wà lọ́wọ́ mi, mo ti fi sukuduráfà ṣí i. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú bàbà rẹ̀ kó wá bá mi nígbà ìsinmi ránpẹ́.