Telesforo Trinidad: Bàbá Àgbà Tí Wọ́n Fi Orúkọ Rẹ̀ Sọ Ọkọ̀ Ogun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Kí wá ni ká ti sọ nípa baba tí ìdílé rẹ̀ ṣì ń gbé orúkọ rẹ̀ ga ní ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀? Irú baba bẹ́ẹ̀ ni Telesforo Trinidad, ọmọ bíbí ilẹ̀ Filipínì, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà.

Ọdún 1890 ni wọ́n bí i ní ìlú New Washington, ní erékùṣù Panay. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ilẹ̀ baba rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Spéìn bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Ní 1901, Ààrẹ William McKinley fàyè gba 500 ọmọ Filipínì láti wọ iṣẹ́ ogun ojú omi. Ọ̀nà yìí ni Trinidad gbà wọlé ní 1910. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà: nínú ooru, níbi tí wọ́n ti ń koná mọ́ àwọn ìkòkò ńláńlá tó ń mú ẹ̀rọ ọkọ̀ ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1915, ìkòkò bú gbàmù nínú ọkọ̀ ogun USS San Diego. Iná lé Trinidad jáde, ṣùgbọ́n kíá ló padà wọlé, tó sì gbé ẹnì kejì rẹ̀ tó fara pa. Bó ṣe ń gbé e lọ ni òmíràn tún bú ní yàrá kejì, tó sì jó o lójú. Kò sá. Ó fa ẹni tó gbé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó sì tún wọlé lọ ran ẹnì kan sí i lọ́wọ́ láti jáde. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún péré ni.

Amẹ́ríkà fún un ní Medal of Honor, àmì-ẹ̀yẹ akọni tó ga jù lọ lọ́dọ̀ wọn, pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún dọ́là. Títí di òní, òun nìkan ni ọmọ Filipínì tó gbà á nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi.

Èèyàn lè rò pé ìwà akin yìí yóò ṣílẹ̀kùn fún àwọn ará ilé rẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé òdì kejì ló ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n há àwọn ọmọ Filipínì mọ́ ìdí oúnjẹ: kí wọ́n máa sè é, kí wọ́n máa gbé e fún àwọn ọ̀gá, kí wọ́n sì máa tọ́jú yàrá wọn. Nígbà tí Filipínì gbòmìnira ní 1946 pàápàá, àdéhùn 1947 jẹ́ kí ìgbanisíṣẹ́ náà máa lọ, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ọdún 1971 kí iṣẹ́ mìíràn tó ṣí sílẹ̀ fún wọn. Síbẹ̀, owó iṣẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn fi rán ọmọ nílé ìwé, òun náà ló sì sọ wọ́n di onílé ní Amẹ́ríkà, pàápàá ní San Diego, ìlú tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ Trinidad. Àwọn ni bàbá àgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ níbẹ̀ lónìí.

Trinidad ní tirẹ̀ padà sílé. Ó sin Amẹ́ríkà nígbà ogun àgbáyé méjèèjì, ó fẹ̀yìn tì ní 1945, ó sì kú ní Imus, ní Cavite, ní 1968, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin.

Àwọn ọmọ Filipínì tó ti sin ẹgbẹ́ ogun náà rí kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parun. Wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, ìdílé rẹ̀ sì dúró tì wọ́n. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Carlos Del Toro, olórí àwọn ọmọ ogun ojú omi nígbà náà, tí wọ́n bí ní Kúbà, kéde pé ọkọ̀ ogun tuntun kan yóò máa jẹ́ USS Telesforo Trinidad.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òǹkàwé wa, kì í ṣe gbogbo bàbá àgbà ni wọn yóò fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbé àwo oúnjẹ fún ogún ọdún, tí wọn kò sì sọ ohun tójú wọn rí fún ẹnikẹ́ni. Bí tiyín bá ṣì wà láyé, ẹ jókòó tì wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè.