Iye Ènìyàn àti Ètò Àwùjọ ní Abúlé Rampura

Bí a bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ènìyàn 1,523 ni ó ń gbé ní abúlé kan, kí ni ó ti mọ̀ nípa abúlé náà? Ó mọ bí ó ti tóbi tó. Kò tí ì mọ irú àwọn tí ń bẹ níbẹ̀. Iye yìí gan-an ni M. N. Srinivas, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, kọ sílẹ̀ ní ọdún 1948 ní abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú Mysore, ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà. Rampura ni ó pè é, kí ó lè fi bo orúkọ rẹ̀ gan-an.

Ìbéèrè tí ó kàn ni bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti pín. Ìran tí a bí olúkúlùkù sí ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Mọ́kàndínlógún ni ìran tí Srinivas kà láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, láìka àwọn Mùsùlùmí mọ́ ọn. Iṣẹ́ ni a sì fi ń dá púpọ̀ nínú wọn mọ̀: àgbẹ̀, darandaran, alágbẹ̀dẹ, amọ̀kòkò, alágbàfọ̀, onígbàjámọ̀. Ẹ má ṣe rò pé bí ìdílé Àyàn lọ́dọ̀ wa ni. Ọmọ Àyàn lè fẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ, kí wọ́n sì jọ jẹun nínú àwo kan. Ní Rampura nígbà náà, ìran ẹni ni ó ń pinnu ẹni tí a lè fẹ́ àti ẹni tí a lè bá jẹun. Àwọn tí a kà sí aláìmọ́, tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fara kàn, ń gbé ní àdúgbò tiwọn lọ́tọ̀.

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ìran àlùfáà, àwọn Brahmin, ni ẹ̀sìn gbé ga jù lè rò pé ọwọ́ wọn ni àṣẹ wà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn Brahmin kò pọ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí à ń pè ní Okkaliga súnmọ́ ìdajì abúlé, àwọn ni ó sì ni ilẹ̀ jù. Ọ̀kan nínú wọn ni baálẹ̀. Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ nínú ìran mìíràn, àní láàárín Mùsùlùmí pàápàá, a máa dé iwájú àwọn àgbà wọn. Tálákà tí ó bá gba owó lọ́wọ́ onílẹ̀ a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sìn ín fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jita ni wọ́n ń pe èyí. Ẹni tí ó bá mọ ìwọ̀fà kò nílò àlàyé púpọ̀. Ǹjẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣàtakò sí olówó rẹ̀ níwájú àwọn àgbà?

Irú àlàyé yìí ṣọ̀wọ́n nínú ìwé ìkànìyàn ìjọba. Láti ọdún 1951 títí di 2011, gbogbo ìran kọ́ ni a ń kà. Kìkì àwọn tí a ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ayébáyé àti àwọn ẹ̀yà kan tí òfin dárúkọ ni a yà sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àtúnṣe tí a ṣe sí òfin ilẹ̀ náà ní ọdún 1992 pàṣẹ pé kí a fi ìjókòó sílẹ̀ fún wọn nínú ìgbìmọ̀ abúlé gẹ́gẹ́ bí iye wọn, kí ìdámẹ́ta ìjókòó ó kéré tán sì jẹ́ ti obìnrin. Ní ọdún 2025, ìjọba Íńdíà kéde pé ìkànìyàn tí ń bọ̀ yóò tún bi olúkúlùkù léèrè ìran rẹ̀, ohun tí a kò ṣe délédélé mọ́ láti ọdún 1931.