Ohun Tí Àpò Kòkó Kan Kọ́ Wa Nípa Ìṣirò

 Lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀kọ́ ìṣirò kan tí a máa ń fi ọwọ́ ṣe ní kíláàsì àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é ní statistics. Kò ju pé kí a ka nǹkan, kí a kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì mọ ohun tí iye náà ń sọ.

Ní ẹgbẹ́ kan tí a bẹ̀ wò, ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fi kòkó wọn sí gíréèdì kejì. Àwọn kan ní akọ̀wé ló gbàbọ̀dè. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, a kò sì dá ẹnikẹ́ni láre. A ní kí wọ́n gbé àpò kan wá, kí wọ́n mú ọ̀bẹ, kí wọ́n sì tẹ́ ẹní sílẹ̀.

Ìlànà àgbáyé ni pé kí a ka 300 hóró, kí a la ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òòró, kí a wo inú rẹ̀. Fún gíréèdì kìíní, èyí tó bu kò gbọdọ̀ ju 3 lọ nínú 100, ìyẹn 9 nínú 300. Èyí tí a kò bò pẹ́ tó kò gbọdọ̀ ju 3 lọ. Èyí tí kòkòrò jẹ, tó hù, tàbí tó pẹlẹbẹ kò gbọdọ̀ ju 3 lọ lápapọ̀. Fún gíréèdì kejì, iye náà di 4, 8 àti 6.

A pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kìíní bu kòkó tiwọn lókè àpò: 4 péré ló bu. Ọ̀wọ́ kejì bu ti àárín: 10. Ọ̀wọ́ kẹta bu ti ìsàlẹ̀: 19. Àpò kan náà, ìdájọ́ mẹ́ta! Ti àkọ́kọ́ yẹ fún gíréèdì kìíní, ti èkejì yẹ fún gíréèdì kejì, ti ẹ̀kẹta kò yẹ fún ọ̀kankan. Bàbá tó ni àpò náà wá rẹ́rìn-ín, ó ní òjò ló bá ti ìsàlẹ̀ lórí ẹní.

Nígbà náà ni a da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a pò ó pọ̀ dáadáa, a pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, a sì yọ ìpín méjì tó kọjú síra kúrò. A tún pò ó, a tún pín in, títí ó fi ku ìwọ̀nba. Ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún ka 300 lọ́kọ̀ọ̀kan: 12, 10, 12. Kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ra. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 34 nínú 900. Ó ju 3 lọ nínú 100, kò sì tó 4. Gíréèdì kejì ni àpò náà lóòótọ́. Àmọ́ àpò kan kò lè jẹ́rìí fún gbogbo àpò, nítorí náà a ní kí wọ́n máa bù díẹ̀díẹ̀ nínú àpò púpọ̀, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí kòkó tó kúrò ní ìsọ̀ ẹgbẹ́.

Ẹ̀kọ́ kejì kò gbà ju àgbàdo lọ. Ẹni márùn-ún dúró. Hóró kan dúró fún ₦1,000 tí wọ́n ń dá sílẹ̀ lóṣù. Wọ́n ní hóró 2, 2, 3, 3 àti 40. A kó wọn jọ, ó di 50. A pín in dọ́gba, ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 10. Èyí ni àròpín. Ṣùgbọ́n ta ni ń dá ₦10,000 nínú wọn? Kò sí! Nígbà tí wọ́n tò láti orí ẹni tó kéré jù dé orí ẹni tó pọ̀ jù, ẹni tó wà ní agbedeméjì ní 3. Bí ìgbìmọ̀ bá fi àròpín yẹn ṣe iye tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ máa dá, mẹ́rin nínú márùn-ún ni yóò kúrò nínú ẹgbẹ́.

Ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò, ẹ gbìyànjú èyí ní ìpàdé yín tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí kò mọ̀wé náà fi ọwọ́ ara wọn kà á. Ẹni tó bá kà á fúnra rẹ̀ kò ní fi ìfura dá akọ̀wé lẹ́jọ́, bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé kankan kò ní lè fi iye èké tan án. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà; ẹ jẹ́ kí a máa fi í ka nǹkan pẹ̀lú.